Aago àpò Waltham tí ọ̀pá báláǹsì rẹ̀ kán: báwo ni a ṣe ń wá páàtì tó bá a mu?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Birmingham

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn wa. Mo ra aago àpò kan níbi gbàǹjo ohun àtijọ́ ní ìlú tí mò ń gbé yìí. Waltham ni orúkọ tó wà lójú rẹ̀, fàdákà ni ilé rẹ̀, ó sì wúwo lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí “P. S. Bartlett” tí wọ́n fín sára ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tẹ́ aago náà sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń wo òkè, á rìn díẹ̀. Bí mo bá gbé e dúró, tàbí tí mo da ojú rẹ̀ bolẹ̀, á dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọwọ́ kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá kò sí lójú rẹ̀ mọ́, gíláàsì rẹ̀ sì ti sán.

Alátùn-únṣe aago kan ní àdúgbò mi fi awò wò ó, ó sì sọ pé ọ̀pá báláǹsì rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tó gba àárín wíìlì tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ti kán lẹ́nu, pé sípíríǹgì ńlá tó ń fún aago lágbára náà ti rẹ̀. Ó ní òun lè ṣe iṣẹ́ náà bí mo bá lè wá páàtì rẹ̀ rí, nítorí òun kì í kó páàtì aago àtijọ́ pamọ́. Mo ti wá “páàtì Waltham” lórí ayélujára, ohun tó jáde sì pọ̀ débi pé n kò mọ èyí tí n bá mú nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Alágo, Ìbàdàn

Ẹ kú oríire aago tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà ju gbogbo wa tí a wà níbí lọ. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ lórí páàtì kankan. Orúkọ ojú aago kò tó láti fi wá páàtì, nítorí pé aago tí ilé iṣẹ́ Waltham ṣe kó tó ṣíwọ́ ní 1957 lé ní mílíọ̀nù 30, ìwọ̀n wọn àti àwòṣe wọn sì yàtọ̀ síra gan-an. Nọ́ńbà tí ẹ rí lára ẹ́ńjìnì ni ẹ máa fi wá a. Ẹ kíyè sí i pé lára ẹ́ńjìnì ni mo wí, kì í ṣe inú ìdérí ilé aago. Nọ́ńbà inú ìdérí jẹ́ ti ẹni tó ṣe ilé, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbé sínú rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ oníbàárà tó fi nọ́ńbà ìdérí wá ọ̀pá, tí wọ́n sì gbé ti aago mìíràn pátápátá wá fún mi.

P. S. Bartlett kì í ṣe orúkọ ẹni tó ni aago náà rí, kì í sì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ni ọ̀gbẹ́ni Bartlett, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ipele kan nínú àwọn aago wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ máa rí William Ellery, Riverside àti Vanguard. Ipele ń sọ bí wọ́n ṣe fi ara balẹ̀ parí iṣẹ́ náà tó, àti iye rúbì, ìyẹn òkúta kéékèèké tí ẹnu ọ̀pá ń yí nínú wọn, tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ irú ọ̀pá tó bá a mu ní pàtàkì ni àwòṣe, tí ilé iṣẹ́ náà máa ń fi ọdún pè: àwòṣe 1883, àwòṣe 1908 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún inú orúkọ yìí jẹ́ ti ìgbà tí àwòṣe náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè ṣe aago yín ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Àkójọ kan wà lórí ayélujára tó ń jẹ́ Pocket Watch Database. Ẹ yan Waltham níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì yín sí i. Yóò sọ ìwọ̀n, àwòṣe, ipele, iye rúbì àti ọdún tí wọ́n fojú bù fún un. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ rántí pé ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe mìlímítà. Ìwọ̀n 18 jẹ́ 44.86 mm, ìwọ̀n 16 sì jẹ́ 43.18 mm, ìbú awo ẹ́ńjìnì lápá ojú aago ni wọ́n sì ń wọ̀n, kì í ṣe ìbú ilé. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín kí ẹ lè mọ̀ bóyá ohun tí àkójọ sọ àti ohun tó wà lọ́wọ́ yín bára mu. Bí ẹ bá ti rí èsì, ẹ padà wá sọ fún wa.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Birmingham

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Mo tẹ nọ́ńbà náà, èsì rẹ̀ sì nìyí: ìwọ̀n 18, àwòṣe 1883, ipele P. S. Bartlett, rúbì 15, nǹkan bí 1900. Mo wọ̀n awo náà, ó bára mu. Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń kọ mí lóminú. Nínú ìdérí fàdákà náà, mo rí òǹtẹ̀ kìnnìún tó ń rìn, òǹtẹ̀ ìdákọ̀ró, lẹ́tà kékeré kan, àti “A.L.D.” Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó jọ ti Amẹ́ríkà. Ṣé ẹnì kan ti gbé ẹ́ńjìnì yìí sínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni?

Onífàdákà, London

Ẹ fọkàn balẹ̀, ilé rẹ̀ gan-an ló wà. A.L.D. ni Aaron Lufkin Dennison, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ Waltham sílẹ̀ ní 1850, tó sì wá fi ìlú tí ẹ ń gbé yìí ṣe ibùjókòó nígbẹ̀yìn, níbi tó ti ń ṣe ilé aago. Ilé iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ ń bá a lọ ní Birmingham títí di 1967. Ẹ́ńjìnì nìkan ni Waltham ń kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn Dennison ni wọ́n sì máa ń ṣe ilé fún un níhìn-ín. Ìdákọ̀ró ni àmì ilé àyẹ̀wò fàdákà ti Birmingham. Kìnnìún ń jẹ́rìí pé ìdá 925 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Lẹ́tà kékeré náà ni ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí lẹ́tà yẹn bá bọ́ sí tòsí 1900, ẹ́ńjìnì àti ilé yín ti wà pa pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ pààrọ̀ ilé náà.

Ará Waltham, Massachusetts

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí pé ìlú tí wọ́n ti ṣe aago náà ni mò ń gbé. Ilé iṣẹ́ wọn ṣì dúró lẹ́bàá odò Charles, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ṣe aago níbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí aago yín fi ní ìrètí tí ọ̀pọ̀ aago ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní.

Kí àwọn ará Waltham tó dé, ọwọ́ ni àwọn oníṣẹ́ aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú wíìlì kọ̀ọ̀kan bá ihò rẹ̀ mu, tó fi jẹ́ pé wíìlì aago kan kì í wọ inú èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ ti ọwọ́ oníṣẹ́ kan náà jáde lọ́sẹ̀ kan náà. Dennison ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbọn ní ilé ohun ìjà ìjọba ní Springfield, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gé páàtì kan náà lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún tí ọ̀kan kò fi yàtọ̀ sí èkejì, ó sì pinnu pé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú aago. Nítorí náà, ẹni tó bá ní aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, irú èyí tó ń fi ṣéènì tín-ín-rín fa agbára, yóò wá ẹni tó máa rọ páàtì tuntun fún un ni. Ẹ̀yin lè wá a rà.

Síbẹ̀, “àwòṣe 1883” nìkan kò tó láti fi ra ọ̀pá báláǹsì. Nínú àwòṣe kan náà, àwọn ọ̀pá kan wà fún róólà kan (àwo kékeré tó wọ ara ọ̀pá náà), àwọn mìíràn sì wà fún róólà méjì. Ìwọ̀n ṣóńṣó wọn náà a máa yàtọ̀. Ṣóńṣó tí mò ń wí yìí, tó ń yí nínú rúbì, kò ju nǹkan díẹ̀ lórí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Òun ló ń kán bí aago bá já bọ́ lọ́wọ́, nítorí pé aago ìgbà náà kò ní ohun tó ń gba agbára ìkọlù fún un. Incabloc àti àwọn irú rẹ̀ kò dé títí di àwọn ọdún 1930. Ẹ ní kí alátùn-únṣe yín tú ọ̀pá tó kán náà, kí ó wọ̀n gígùn rẹ̀, ìbú ibi tí wíìlì jókòó lé, ìbú ibi tí róólà wọ̀, àti ṣóńṣó tí kò kán. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó wá a lọ sọ́jà.

Ohun kan tún wà. Bí aago bá já bọ́ tí ṣóńṣó fi kán, ó ṣeé ṣe kí rúbì tó ń gbà á náà ti sán. Ẹ wo rúbì méjèèjì pẹ̀lú awò. Ọ̀pá tuntun nínú rúbì tó sán kò ní pẹ́ kó tó jẹ ṣóńṣó rẹ̀.

Bàbá Alágo, Ìbàdàn

Arákùnrin wa ní Massachusetts ti sọ ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọ̀pá tuntun tí ilé iṣẹ́ náà ṣe láyé ìgbà náà tí kò tíì wọ aago kankan rí. Nínú ìgò kékeré tàbí àpòòwé ni wọ́n máa ń wà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé àkójọ ilé iṣẹ́ lára wọn, àwọn tó ń ta ohun èlò aago àtijọ́ ní Amẹ́ríkà sì ṣì ní wọn dé àyè kan. Jules Borel ní Kansas City jẹ́ ilé ohun èlò tó ti pẹ́, Cousins ní Romford sì wà nítòsí yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irinṣẹ́, sípíríǹgì àti gíláàsì ni n bá kọ́kọ́ lọ rà lọ́dọ̀ wọn ju ọ̀pá Waltham lọ. Ẹ má ṣe ra ọ̀pá tí àpòòwé rẹ̀ kò sọ ju “Waltham 18” lọ. Bí olùtajà kò bá lè sọ àwòṣe àti ìwọ̀n ṣóńṣó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì, èyí tí èmi fẹ́ràn jù fún aago yín, ni kí ẹ ra odindi ẹ́ńjìnì mìíràn tó jẹ́ àwòṣe 1883 tí ó ti bàjẹ́ níbòmíràn ṣùgbọ́n tí báláǹsì rẹ̀ pé, kí ẹ sì mú ohun tí ẹ nílò nínú rẹ̀. Àwòṣe yìí ni ọ̀kan nínú èyí tí Waltham ṣe jù, kò sì wọ́n. Ẹ wá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti àwòṣe pa pọ̀, kí ẹ fi èyí tí wọ́n bá kọ sí pé ó wà fún páàtì kún un. Ẹ bi olùtajà bóyá báláǹsì rẹ̀ ń fì dáadáa bí a bá rọra mi ẹ́ńjìnì náà, kí ẹ sì bèèrè fọ́tò báláǹsì láti ẹ̀gbẹ́. Bí báláǹsì bá ń wọ́lẹ̀ sí apá kan, ọ̀pá òun náà ti kán. Ẹni tó bá ń ta ẹ́ńjìnì tí kò rìn kì í sábà mọ ìdí tí kò fi rìn, ojú yín ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kẹta ni kí alátùn-únṣe tó ní ẹ̀rọ léètì gé ọ̀pá tuntun láti ara irin líle. Owó rẹ̀ á ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ British Horological Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1858, ní àkójọ orúkọ àwọn alátùn-únṣe, ẹ sì lè bèèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tó ń gé ọ̀pá.

Olùkó-aago-jọ, Atlanta

Ẹ má bínú, Bàbá, n kò fara mọ́ ọ̀nà kejì yẹn. Ẹ̀ ń sọ pé kí a tú aago kan nítorí òmíràn. Bí gbogbo wa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ogún ọdún, aago mélòó ló máa kù? Mo ti rí ẹni tó tú aago tó ń rìn pẹ̀lú ilé wúrà rẹ̀ nítorí ọwọ́ méjì péré.

Bàbá Alágo, Ìbàdàn

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa aago tó pé, n kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tú aago tó ń rìn tó sì wà nínú ilé rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tí àwọn ẹ́ńjìnì tí mò ń wí ti wá. Nígbàkígbà tí owó wúrà bá gòkè, àwọn kan á ra aago àpò nítorí ilé rẹ̀ nìkan, wọn á yọ ilé náà, wọn á sì yọ́ ọ. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n bá yọ jáde ni wọ́n ń tà lọ́pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kò nílé mọ́, ojú rẹ̀ ti sán, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti pàdánù páàtì mìíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Irú ìyẹn ni kí ẹ rà. Bí èyí tí ẹ bá rí bá pé tó sì ń rìn, ẹ tà á fún ẹni tó ń wá ẹ́ńjìnì fún ilé òfìfo, kí ẹ wá èyí tó bàjẹ́ jù ú lọ.

Olùkó-aago-jọ, Atlanta

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn kan kún un fún arákùnrin wa. Bí ẹ bá rí ẹ́ńjìnì náà, ẹ má ṣe yọ sípíríǹgì irun, èyí tín-ín-rín tó ń dá báláǹsì padà, nìkan lára báláǹsì rẹ̀ láti fi sí tiyín. Ilé iṣẹ́ ti so báláǹsì kọ̀ọ̀kan mọ́ sípíríǹgì irun tirẹ̀ kí méjèèjì lè máa lu ìgbà 18,000 láàárín wákàtí kan. Bí ẹ bá yà wọ́n, aago á máa sáré tàbí kí ó máa lọ́ra kọjá ibi tí ọ̀pá ìtọ́sọ́nà rẹ̀ lè dé. Bí ẹ bá fẹ́ pa báláǹsì tiyín mọ́, ọ̀pá nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé báláǹsì tòkunbọ̀ wọlé, ẹ gbé e pẹ̀lú sípíríǹgì irun rẹ̀ àti róólà rẹ̀ lódindi.

Kí ẹni tó máa pààrọ̀ ọ̀pá náà má ṣe fi òòlù lù ú jáde. Etí wíìlì náà jẹ́ idẹ àti irin tí wọ́n so pọ̀, wọ́n sì gé e sí méjì, nítorí náà ó rọrùn láti tẹ̀. Ẹ̀rọ léètì ló yẹ kí wọ́n fi gé ibi tí ọ̀pá di wíìlì mú kí ó lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Birmingham

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ti sípíríǹgì ńlá wá ńkọ́? Alátùn-únṣe mi ní òun ní ọ̀kan tó “jọ ọ́”, ó kàn nípọn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé èyí á tilẹ̀ jẹ́ kí aago náà lágbára sí i.

Ará Waltham, Massachusetts

Ẹ má gbà á. Ọ̀rọ̀ “díẹ̀” yẹn ló ń ba aago jẹ́ jù. Agbára tí sípíríǹgì ń tú jáde máa ń pọ̀ sí i bí ìbú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, ní ìwọ̀n kan náà. Ti ìnípọn kò rí bẹ́ẹ̀, ìnípọn náà ni a ó sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ 0.20 mm tí tuntun sì jẹ́ 0.22 mm, ojú ènìyàn kò lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Báláǹsì á máa fì kọjá àlà, ṣóńṣó àti eyín wíìlì á sì máa tètè jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó nípọn jù kì í lè wé tó nínú àgbá, ìyẹn ilé róbótó tí sípíríǹgì ń wé sí, nítorí náà iye wákàtí tí aago máa fi rìn lẹ́yìn tí a bá wé e lẹ́ẹ̀kan á dín kù.

Nǹkan mẹ́rin ni ẹ ní láti mọ̀ kí ẹ tó ra á: ìbú sípíríǹgì, ìnípọn rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti ìbú inú àgbá. Ẹ fi irú ẹnu rẹ̀ kún un, nítorí pé ọ̀nà tí sípíríǹgì àtijọ́ fi ń so mọ́ ògiri àgbá kò jẹ́ ọ̀kan náà: òmíràn ní ihò lẹ́nu, òmíràn ní ẹnu tó dà bíi lẹ́tà T, òmíràn sì ní apá kékeré tó yọ sí òkè àti ìsàlẹ̀. Àwọn páálí sípíríǹgì ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ń lo nọ́ńbà géèjì Dennison, ọkùnrin kan náà tó ní òǹtẹ̀ inú ìdérí yín, dípò mìlímítà, nítorí náà ẹ wá tábìlì ìyípadà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ní ti sípíríǹgì, èmi kì í ra ti àtijọ́ bí mo bá lè yẹra fún un. Irin aláwọ̀ búlúù ìgbà náà a máa rẹ̀, a sì máa já láìròtẹ́lẹ̀, kódà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí. Èyí tí wọ́n fi irin funfun ìgbàlódé ṣe ni kí ẹ rà.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú súkúrù kan nínú ẹ́ńjìnì, kí ó kọ́kọ́ tú agbára sípíríǹgì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi ìkọ́ tó ń dì í mú.

Ìyá Ìbejì, Lẹ́kki

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aago ọwọ́ Swiss ti bàbá mi, ti ọdún 1960 sókè, ni tèmi. Ṣé ọ̀nà kan náà ni mo máa gbà?

Bàbá Alágo, Ìbàdàn

Ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, Ìyá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi orúkọ wọn sójú aago Swiss ló ń ra ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ àwọn mìíràn, bíi ETA àti A. Schild. Ẹ ní kí wọ́n wo abẹ́ báláǹsì tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn á rí àmì kékeré kan àti nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa fi wá páàtì, kì í ṣe orúkọ ojú aago. Líìnì ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n níbẹ̀, líìnì kan sì jẹ́ 2.256 mm. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fọ ojú aago náà tàbí kí wọ́n há ohun aláwọ̀ ewé tó ń tàn lára ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó lè jẹ́ rédíọ̀mù ni wọ́n fi kùn ún, ìyẹn kò sì tíì kú, bí kò tilẹ̀ tàn mọ́. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí páàtì bá wà lókè òkun, ẹ jẹ́ kí ẹbí tó ń bọ̀ wálé fi ọwọ́ mú un bọ̀, nínú àpótí líle, kì í ṣe nínú àpòòwé rírọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Birmingham

Mo fẹ́ parí ti ọwọ́ àti gíláàsì. Báwo ni kí n ṣe wọ̀n wọ́n?

Onífàdákà, London

Orí ṣóńṣó wíìlì kẹrin tó yọ sí ojú aago ni ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá máa ń wọ̀. Nǹkan méjì ni ẹ nílò: ìbú ṣóńṣó náà, tí alátùn-únṣe yín ní láti fi máíkírómítà wọ̀n, àti gígùn láti àárín òbírí kékeré náà dé etí ìlà ìṣẹ́jú rẹ̀. Bí ihò ọwọ́ bá tóbi jù, ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù dì í. Wọ́n lè fún ihò náà pọ̀ díẹ̀. Bí ó bá sì kéré jù, wọ́n lè fẹ̀ ẹ́. Ẹ wá èyí tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ jọ ti ọwọ́ méjì tó kù. Bí ẹ bá ti ra ẹ́ńjìnì tí Bàbá sọ, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ náà ti wà lójú rẹ̀, owó yẹn á sì kúrò lọ́rùn yín.

Gíláàsì rọrùn. Ẹ yọ èyí tó sán kúrò, ẹ nu inú kòtò òrùka náà mọ́, kí ẹ sì fi fẹ́níà wọ̀n ìbú kòtò náà ní ọ̀nà mẹ́ta, nítorí pé òrùka fàdákà tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe òbírí pípé mọ́. Ìdá mẹ́wàá mìlímítà ni wọ́n fi ń tò wọ́n nínú páálí, nítorí náà 45.3 àti 45.5 kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ kíyè sí gíga rẹ̀ pẹ̀lú. Gíláàsì tó bá pẹlẹ jù á kan ọwọ́ aago. Ẹ má ṣe lo gọ́ọ̀mù tó ń yára gan, èéfín rẹ̀ á fi funfun sára gíláàsì àti ojú aago.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Birmingham

Mo padà wá láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mo rí ẹ́ńjìnì àwòṣe 1883 kan, ojú rẹ̀ ti fọ́ sí mẹ́ta, eyín wíìlì rẹ̀ kan ti já, ṣùgbọ́n báláǹsì rẹ̀ dúró ṣánṣán nínú fọ́tò, ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá sì wà lójú rẹ̀. Alátùn-únṣe mi ti wọ̀n ọ̀pá tó wà nínú rẹ̀, ó bá ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ mu, òun sì ti gbà láti pààrọ̀ ọ̀pá nìkan dípò odindi báláǹsì. Ó tún rí i pé rúbì ìsàlẹ̀ tiwa ti sán, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Ti inú ẹ́ńjìnì kejì ṣì dára. Mo ti ra sípíríǹgì irin funfun pẹ̀lú ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìbéèrè kan ló kù: awo tó di báláǹsì mú lókè nínú ẹ́ńjìnì kejì mọ́ ju tèmi lọ, kò sì ní àpá. Ṣé kí n ní kí ó gbé e sórí tèmi?

Bàbá Alágo, Ìbàdàn

Rárá o. Ẹ yí awo yín padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí nọ́ńbà aago yín tàbí apá kan nínú rẹ̀ níbẹ̀. Awo tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ kì í kúrò nínú aago rẹ̀ nítorí àpá. Ohun tó kù nínú ẹ́ńjìnì kejì, ẹ kó o sínú àpótí kan, kí ẹ kọ àwòṣe, ìwọ̀n àti nọ́ńbà rẹ̀ sára àpótí náà. Súkúrù rẹ̀ nìkan tó ohun tí ẹlòmíràn á máa wá kiri.